Orúkọ Tí Atìípa Tì Mọ́ Inú Fíláàṣì

"Má já lu ọ̀rọ̀ mi, n kò tíì parí! Mo ní, ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé..."

"Àlàyé wo? Ta ló ní kí o lọ ti ìyá wa mọ́ inú nǹkan tí kò tó ìka ọwọ́?"

Bí wọ́n ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ta bí ẹni pé ẹnì kan múnú bí i. Ẹ̀gbọ́n ni obìnrin aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ awakọ̀, Atìípa la máa ń pè é. Ọkùnrin yìí máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti balùwẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Tó bá sín, mo gbà pé ó máa ń padà lọ wò ó bóyá imú òun ti pa dé dáadáa.

Ó na fíláàṣì kékeré kan sí mi. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, n kì í ṣe adájọ́. Mo fún wọn ní àga.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Kí ìyá wọn tó kú ni Atìípa ti kó gbogbo àwòrán rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú fíláàṣì yìí. Wọ́n ti jí fóònù Atìípa rí, ó sì ń dùn ún pé olè kan jókòó síbì kan, ó ń wo ojú ìyá òun. Ló bá fi páásíwọọ̀dù tì í. Irú títì yẹn kì í ṣe ti eré o. Ṣe ló máa ń da ohun tó wà nínú fíláàṣì rú pátápátá, bí ìgbà tí wọ́n lọ ata. Ẹni tó bá mọ páásíwọọ̀dù nìkan ló lè kó o jọ padà. Tí èèyàn bá sì ṣì í tẹ̀ léraléra, yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ṣe ohun tí Atìípa nìkan lè ṣe. Ó pa gbogbo ẹ̀dà tó kù rẹ́, lórí fóònù tirẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti bàbá wọn. Ó ní kí ni èèyàn ń tilẹ̀kùn sí tí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀.

Ní báyìí, bàbá wọn ti dùbúlẹ̀. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Nǹkan kan ṣoṣo ni bàbá ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí òun gbọ́ ohùn ìyàwó òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ.

"Kí ni páásíwọọ̀dù ọ̀hún?" mo bi í.

"Orúkọ tí Bàbá máa ń pe Màámi nílé ni. Mo mú ohun tí n kò lè gbàgbé."

"Ó dáa. Tẹ̀ ẹ́."

Mo ki fíláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà sì ń sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Ó ti ń dán an wò nílé, kò sọ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n pòṣé. "Ọmọkùnrin lásán. Sún kúrò níbẹ̀." Ó la ẹnu. Ẹnu náà wà ní lílà, kò sóhun tó jáde.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ìyá tó bí yín? Èmi tí n kì í ṣe ọmọ rẹ̀ gan-an mọ̀ ọ́n. Ṣebí òun ló máa ń sọ, tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, pé irùngbọ̀n mi dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n jù nù. Bàbá á wá pè é láti òdìkejì, á ní..."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ohùn tó fi sọ ọ́ ti lọ. Orúkọ náà wà níbi tó yẹ kó wà, mo tiẹ̀ mọ bó ṣe gùn tó, bí ìgbà tí ahọ́n bá ń wá eyín tó ti yọ.

Ẹ̀gbọ́n tú báàgì rẹ̀, ó mú ìwé ìsìnkú jáde. Orúkọ ìyá wọn wà níbẹ̀ lódindi, èyí tí wọ́n fi ń pè é níbi iṣẹ́. A kà á. Ó dà bí orúkọ ẹnì kan tí a kò bá pàdé rí. Àwòrán rẹ̀ wà lókè, ó mọ́ kedere. Mo wò ó, mo gbójú kúrò. N kò lè sọ bóyá obìnrin náà pupa ni àbí ó dú.

"Ẹ pe Bàbá," mo ní. N kò mọ ìgbà tí ohùn mi lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n pè é, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń pe Màámi?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣebí..." A gbọ́ èémí rẹ̀, tó ń fà bí aṣọ tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. "Láti ìgbà tí a ti sin ín ni mo ti ń wá a lẹ́nu mi. Ojú ń tì mí ni n kò fi sọ."

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá yẹn, ẹnì kan fa àga. Obìnrin kan sọ nǹkan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ìyá yín ni." Bó ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé ọjà ni ìyá ti dé. "Àárọ̀ ló ti dé. Ó ní wọ́n dá òun padà. Ó ní orúkọ tí ará ilé ẹni fi ń peni ni wọ́n ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run, òun wá a, òun kò rí i. Wọ́n ní kó lọ mú un wá."

Ẹ̀gbọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ilé sókè sí wa. "Mo tilẹ̀kùn mọ́ Bàbá kí n tó jáde," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò sẹ́ni tó lè wọlé."

Atìípa yọ fíláàṣì náà, ó dì í mọ́wọ́ bí ẹyin. "Mo kàn fẹ́ kó wà láìséwu ni," ó ní. "Mo kàn fẹ́ kó wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè fọwọ́ kàn án."

A gbọ́ tí fóònù kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́. Èémí rẹ̀ pàápàá, a kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, ó ń dúró, sùúrù rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ohun tí èmi náà wá bi yín nìyẹn, ọmọ mi."