Afojúgbọ́ Ilé Ìtẹ̀wé

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ lónìí," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì gbé ìwé tó dì mọ́ àyà sórí tábìlì. Olóòótú ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè é, nítorí òun ni wọ́n fi ṣe olóòótú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ká má purọ́, oyè náà ti ń gùn ún díẹ̀. Méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀lé e wá, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn ẹ̀rín ju oúnjẹ lọ.

Ìyá tó ni ilé ìtẹ̀wé fi awò rẹ̀ sójú. "Ṣé ẹ ti kà á dáadáa?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mà! Èmi ń kà á sókè, àwọn ń gbọ́. Kọ̀ǹpútà gan-an ò rí àléébù kankan níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ń jó Olóòótú lẹ́sẹ̀ lóòótọ́. Àṣìṣe pọ̀ nínú ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá débi pé àwọn òbí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ti búra pé bí ti ọdún yìí bá tún rí bẹ́ẹ̀, kò ní sí ìwé ìròyìn mọ́ láé. Ọjọ́ Ẹtì sì ni ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, tí wọn yóò pín in fún àwọn òbí. Inú ìwé ìròyìn yìí nìkan ni ohun tí Olóòótú ń kọ ti ń rí ojú ayé, kò sì fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ilé ìtẹ̀wé yìí ní ìlànà kan tí wọn kì í yẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ ẹ̀dà kan jáde fún àyẹ̀wò, èèyàn méjì á jókòó, ọ̀kan á máa kà sókè, èkejì á máa fi ojú bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni ìwé á wọ yàrá ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Afojúgbọ́. Bí Afojúgbọ́ kò bá tíì fi bírò pupa sàmì sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ yí.

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Afojúgbọ́ fúnra rẹ̀ yọ, tàdáwà dúdú ní ìka. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí àìsàn gba etí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń wúwo bí ó bá sọ̀rọ̀. Bó ti rí Olóòótú, ojú rẹ̀ tàn. "Ọmọ mi!" ó fi ohùn ńlá náà pè é.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé àbúrò ìyá Olóòótú ni, ọmọ ìyá kan náà, òun ni Olóòótú ń pè ní Bùọ̀dá, òun ló sì di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó kọ́kọ́ ń kọ lẹ́tà sórí síléètì.

"Ta nìyẹn?" ni ọ̀rẹ́ gíga bi í. "O mọ̀ ọ́n ni?"

Ojú ti Olóòótú. Ó wo Bùọ̀dá rẹ̀ níwájú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó dá a lójú pé kò lè gbọ́. "Èmi kẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Òṣìṣẹ́ ibí ni." Kò tilẹ̀ pè é ní "wọn" bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀. Ó yí padà, ó wọlé lọ.

Ìyá onítẹ̀wé mọ ìdílé náà dáadáa. Ó wo Olóòótú láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹyin lohùn, ọmọ yìí," ó rọra wí. "Ṣé kí Afojúgbọ́ yẹ ìwé yín wò?"

"Rárá, mà. Kò sáyè. Èmi ni màá fọwọ́ sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni Olóòótú fi bírò ara rẹ̀ kọ orúkọ síbi tó yẹ kí àmì pupa wà.

Lọ́jọ́rú, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà dé ilé ẹ̀kọ́, ó ń dán, ó ń rùn bí ìwé tuntun. Ọ̀gá àgbà, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n bí ojú, mú ọ̀kan nínú ọ́fíìsì, ó ka lẹ́tà tí Olóòótú kọ ní Gẹ̀ẹ́sì síwájú ìwé náà sókè. Ó dùn létí. Àwọn olùkọ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà wá tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí ó pa ẹnu dé.

"Wá wo ohun tí o kọ nípa mi," ó pe Olóòótú tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Olóòótú wò ó. Níbi tó ti fẹ́ kọ "principal", ìyẹn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, "principle" ló kọ, ìyẹn ìlànà tí èèyàn fi ń gbé ayé.

"Èmi kì í ṣe ọ̀gá mọ́, mo ti di ìlànà! Wo ìlà kejì. O ní kí Ọlọ́run fún ilé ẹ̀kọ́ wa ní 'piece'. Ègé nìyẹn. Ègé kí ni? Ègé búrẹ́dì? 'Peace' ni àlàáfíà tí à ń tọrọ." Ó ń ṣí i lọ, ó ń kà á lábẹ́nu, mọ́kànlélógún ló rí lórí ewé mẹ́rin. "Etí kò lè mú ìwọ̀nyí, nítorí bákan náà ni wọ́n dún. Ojú ló ń mú wọn. Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ òbí báyìí lọ́jọ́ Ẹtì, ó parí nìyẹn."

Olóòótú nìkan ló lọ sí ilé ìtẹ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọjá, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

Kò wọ ibẹ̀ rí. Láti òkè ògiri dé ìsàlẹ̀, ègé páálí kéékèèké ló kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àti àwòrán tí Bùọ̀dá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yà. "Week": yàrá kéékèèké méje lórí ìlà. "Weak": bàbá arúgbó tó fara ti ọ̀pá. "Stationary": ọkọ̀ tí kò ní táyà, tó dúró gbagidi lójú kan. "Stationery": bírò, rúlà àti ìwé. "Hear": etí. "Here": ẹsẹ̀ méjì tó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Orí Olóòótú wú. Bùọ̀dá rẹ̀ ti di adití kó tó mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Èdè náà kò gba etí rẹ̀ wọlé rí, ojú ló gbà. Lójú tirẹ̀, "week" àti "weak" kò jọra ju ewúrẹ́ àti àpótí lọ. Ohun tó ń da gbogbo kíláàsì láàmú, tí olùkọ́ ń torí rẹ̀ bá wọn wí lójoojúmọ́, kò tilẹ̀ di ìṣòro fún un rí. Áà! Irú ọgbọ́n yìí wà nínú ìdílé òun, òun sì ń tijú rẹ̀!

Ó fọwọ́ kan Bùọ̀dá rẹ̀ tó kẹ́yìn sí i léjìká. Afojúgbọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé kan, ó kọ̀wé sí i, ó sì tì í síwájú Olóòótú: "Ta ni ọ́? Mi ò mọ̀ ọ́ rí. Òṣìṣẹ́ ibí ni mí."

Orúnkún Olóòótú kanlẹ̀. Ó ti rò pé orúkọ ìnagijẹ lásán ni Afojúgbọ́. Kò rò ó pé ẹni tó ti ń wo ẹnu èèyàn láti ọmọ ọdún márùn-ún lè fi ojú gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú wí i pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Ẹ má bínú, Bùọ̀dá," ó ń sunkún. "Ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo bẹ̀rù. Mo ṣẹ̀ yín."

Ọkùnrin náà kò dì mọ́ ọn, kò sì lé e. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sí i, ó gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú bírò pupa.

Ó ní páálí kan tó gé ihò kékeré sí láàárín. Ó gbé e lé ojú ìwé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń hàn lẹ́ẹ̀kan. Yóò wo ọ̀rọ̀ náà, yóò sún páálí kúrò, yóò wo iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó lọ sórí òmíràn. Nígbà tó kan "there", ó mi orí. Ó na ìka sí àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kó àpò wọn dání: tiwọn ni, "their" ló yẹ. Ó wá na ìka sí ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún: ibẹ̀ ni "there". Lẹ́yìn náà ó gbé páálí náà fún Olóòótú. Olóòótú rí méje fúnra rẹ̀. Ó fo ìkẹjọ, ìka Bùọ̀dá rẹ̀ sì kan tábìlì gbàgbà. Kí oòrùn tó wọ̀, mẹ́rìnlélógún ni wọ́n mú, mẹ́ta nínú rẹ̀ bọ́ lójú ọ̀gá àgbà gan-an.

"Mo ti ń rí àwọn ọ̀rọ̀ yìí láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀," Olóòótú rò nínú ara rẹ̀, "mi ò wò wọ́n rí."

Ìyá onítẹ̀wé gbà láti tún ewé mẹ́rin náà tẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa tú píìnì tí a fi di àwọn ìwé náà pọ̀," ó wí. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, Olóòótú tú píìnì ọ̀ọ́dúnrún ìwé títí èékánná fi ń dùn ún. Ọ̀rẹ́ kúkúrú wá bá a ṣe é. Ọ̀rẹ́ gíga ò wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá àgbà gbé ìwé ìròyìn sókè. "Mo wá àṣìṣe nínú rẹ̀ tì," ó wí. "Olóòótú wa, máa bọ̀!" Àtẹ́wọ́ ń dún wàá. Olóòótú ì bá gba ìyìn, kó jókòó, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ó rí Bùọ̀dá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú páálí ìwé tó gbẹ̀yìn ní èjìká. Ó gba makirofóònù, ó gbé e wá sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, mo fẹ́ kí ẹnì kan rí ẹnu mi. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló tún un ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bi mí léèrè, mo ní mi ò mọ̀ wọ́n rí. Irọ́ ni mo pa. Bùọ̀dá mi ni wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwé."

Afojúgbọ́ sọ páálí kalẹ̀, ó ya ègé ìwé kan, ó kọ nǹkan sí i. Wọ́n ń gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé orí ìtàgé. Olóòótú kà á: "Jọ̀ọ́, tún un sọ. Omi kún ojú mi, mi ò rí ẹnu rẹ."

Ó tún un sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, ọ̀rọ̀ méjì lè dún bákan náà kí iṣẹ́ wọn má jọra rárá. Ẹni tó bá wò wọ́n dáadáa ni kì í ṣì wọ́n lò. Èèyàn náà ń fẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ sẹ́ ẹni tó di ọwọ́ yín mú.