Òjìji Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ní ìrọ̀lẹ́, agbẹ̀bí kan ré bọ́ lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn tuntun. Kò dìde mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá mú ọmọbìnrin tó ṣètò iná àtẹ̀gùn náà. Àbúrò ni gbogbo ọ́fíìsì ayàwòrán-ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà tó ní iná náà mọ́lẹ̀ tó. Àtẹ̀gùn sì ṣókùnkùn. Wọ́n ní ó purọ́. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Wòóre kọ́kọ́ lọ síbi àtẹ̀gùn náà. Ó tan iná. Ògiri kúkúrú tí ọwọ́ ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ta òjìji sórí àwọn ipele ìsàlẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wá ipele kan nínú òjìji náà. Díẹ̀ ló kù kí òun náà ṣubú.

Ó ránṣẹ́ pe oníná.

“Ìwọ lo so wọ́n?”

“Èmi ni, ọ̀gá. Ẹ tú wọn wò. Bí gílóòbù kan bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ní kí n rà, ẹ so èmi fúnra mi kọ́ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọlọ́jọ́ ò sí lọ́wọ́ mi.”

Wòóre tú wọn wò. Kò sí ọ̀kan tó yàtọ̀.

Ní ọ́fíìsì Àbúrò, igbákejì ọ̀gá àgbà ló gbà á lálejò. Bọ̀ọ̀dá Kíláàsì ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí iná kíláàsì àti ti ọ́fíìsì ló ń ṣètò láti ìgbà tó ti dé.

“Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.”

“Ẹ jókòó, sà. A máa ń ya ilé sínú kọ̀ǹpútà, ká tan iná sí i níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ dà bí aṣọ tí a tẹ́ sínú àwòrán náà. Kò sí láyé, ṣùgbọ́n ó ń ka ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á.”

“Ibo lẹ máa ń tẹ́ ẹ sí?”

“Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ni. Gíga tábìlì. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.”

“Ta ló lè fọwọ́ kan iṣẹ́ Àbúrò?”

“Èmi, òun, ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà ló ń kánjú jù. Wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì.”

Ní àtìmọ́lé, ojú Àbúrò ti wú.

“Orí ipele kọ̀ọ̀kan ni mo tẹ́ sẹ́ńsọ̀ sí, sà, níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àyẹ̀wò náà kùnà. Ara mi ò yá, mo lọ sílé. Nígbà tí mo padà dé, ó ti yege. Mo rò pé wọ́n ti fi iná kún un.”

“O ò wò ó?”

“Mi ò wò ó.” Ó bú sẹ́kún.

Wòóre pe ọ̀gá àgbà àti igbákejì rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n ṣí àwòrán ìmọ́lẹ̀ náà.

“Òjìji ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn dà?”

Wòóre fi ìka tọ́ àwòrán náà.

“Kò lè sí níbẹ̀. Wọ́n ti ká sẹ́ńsọ̀ Àbúrò kúrò. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, gíga tábìlì láti òkè àtẹ̀gùn. Ó léfòó kọjá orí ògiri, níbi tí òjìji rẹ̀ kò dé, lórí àwọn ipele tí obìnrin yẹn ti ṣubú. Ọ̀gá àgbà, ẹ tẹ́ sẹ́ńsọ̀ kan kí n rí i.”

Ọ̀gá àgbà wo kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wo kànga. “Mi ò tẹ́ ọ̀kan rí. Bó bá ti yege ni mo ń fọwọ́ sí.”

Wòóre yíjú. “Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń tẹ́ ẹ sí gíga tábìlì níbí?”

Bọ̀ọ̀dá Kíláàsì nu ojú rẹ̀. “Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni á kú. Mo ti ṣèlérí ọjọ́ ìṣílé fún àwọn onílé ìwòsàn. Bí a bá yẹ̀ ẹ́, ta ni yóò fi mí sórí àga ọ̀gá àgbà? Igbákejì ni mo ti ń ṣe látìgbà tí irun mi ṣì dúdú.”

“Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé.”

“Àyà mi já, sà.”

Wọ́n tú Àbúrò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò padà sídìí iṣẹ́ iná mọ́. Agbẹ̀bí náà fi ọmọ kan sílẹ̀, ọmọ náà kò tíì rìn.