Ibodè Ẹnu Àgbàlá

Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó wó ibodè Ìdó-Ilé kí ọ̀nà mọ́tò lè kọjá, gbogbo ìlú ló jáde wòran, àfi Àpọ̀kẹ́ tó di bàbá rẹ̀ mú nílé. Ògúnjọbí, bàbá náà, ló ṣọ́ ibodè yẹn nígbà ogun. Ogun ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n bàbá ti ń ṣarán, kò mọ̀ pé ó parí. Láràárọ̀ ni í wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, a sì lọ jókòó sẹ́nu ibodè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kì í kọjá ibẹ̀, ìyẹn ni Àpọ̀kẹ́ fi ń ráyè lọ sóko.

Ibodè lọ, wàhálà dé. Bàbá ń wá a kiri, ó rìn dé Òkè-Mèsì kí wọ́n tó rí i, ẹ̀gún ti ya ẹsẹ̀ rẹ̀ yánnayànna.

Ògúnrìndé, ẹ̀gbọ́n Àpọ̀kẹ́, gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

"Ẹ jẹ́ ká dè é mọ́lẹ̀. Bó bá kú sígbó, kí la ó wí fáráyé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹni tó ṣọ́ wa lójú ogun, n kò ní dè é bí ẹrú."

"Ó dáa. Ìwọ nìkan ni kó o máa tọ́jú rẹ̀. Bó bá sọ nù, ọrùn rẹ ló wà."

Ó bá tirẹ̀ lọ, kò yà síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń fẹnu tọ́jú arúgbó pọ̀ láyé yìí o. Ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é ló wọ́n.

Àpọ̀kẹ́ wọ́ òpó ibodè méjèèjì tí wọ́n jù sẹ́bàá ọ̀nà wálé, ó rì wọ́n sẹ́nu àgbàlá, ó fi igi dábùú wọn. Bàbá fọwọ́ pa òpó, ó jókòó. Kò rìn lọ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àpọ̀kẹ́ ti oko dé nínú òjò, ẹrù iṣu lórí. Bàbá na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Yèsí nìyẹn? Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Èmi ni, bàbá. Èmi Àpọ̀kẹ́, ọmọ yín."

"Irọ́. Ọmọ mi kéré. Ulé ló wà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Òjò ń lù ú, kò sì sẹ́ni tó lè pè kó wá jẹ́rìí fún un. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Àlejò ni mí, bàbá. Ogun ló lé mi."

Ojú bàbá rọ̀. Ó gbé igi ìdábùú kúrò.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ ọlọ́mọ. Wọlé. Béèrè Àpọ̀kẹ́, ọmọ mi. Kò ní jẹ́ kébi pa ọ́."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

Ó wọlé, ó dáná, ó gbé iṣu ẹni méjì kaná.