Ẹ̀bẹ̀ Orí Rédíò

Lórí apẹ̀rẹ̀ obì ni Raqeebah ti kọ́kọ́ rí Ṣẹ̀rífù. Ó jókòó gẹlẹtẹ nínú búbá funfun, ó ń súfèé bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni ìsọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde! Obì tí a fẹ́ kó lọ Kánò lẹ jókòó lé yẹn!"

Ṣẹ̀rífù fò dìde. Omi obì ti ba ẹ̀yìn búbá rẹ̀ jẹ́. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Àǹtí Olóbì. Ẹ ti gbẹ̀san lára aṣọ mi."

Raqeebah fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní àárín ìlú Ṣàgámù.

Olórin ni Ṣẹ̀rífù. Ọ̀rọ̀ olórin kì í dùn mọ́ Alhaji Yúnúsà, bàbá Raqeebah, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ, ó gbà, ó dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn àgbà ẹbí pé, ìyá ọmọ se oúnjẹ kalẹ̀. Wọ́n jókòó láti ìrun ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn àgbà tú ká tán, Alhaji ní òun ò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ Ṣẹ̀rífù nínú ilé òun mọ́.

Kí lẹ rò pé Ṣẹ̀rífù ṣe? Ó wá bẹ̀bẹ̀? Rárá o. Ó lọ ṣe àwo orin! Odidi orin mẹ́jọ, ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, orúkọ Raqeebah ló sì ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Orin náà gbòde lórí rédíò. Àwọn awakọ̀ ń gbé e láti Simawa dé Ògèrè. Àwọn oníbúrẹ́dì oríta Interchange ń jó sí i. Ẹni tó wá ra obì á ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà dárí jì í, ọmọkùnrin yẹn ti sunkún tó." Fàtíà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ fi í ṣe ohùn ìpè fóònù! Ọ̀rọ̀ náà sú Raqeebah. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé ó ṣì fẹ́ràn aláìgbọ́n yìí. Bí bàbá rẹ̀ kò bá sì yọ́nú, kò lè fẹ́ ẹ láéláé.

Ó wá a lọ sí Ògèrè, níbi tó ń gbé.

"Ṣẹ̀rífù, ta lo ṣẹ̀?"

"Ìwọ ni, olólùfẹ́ mi. Àbí o ò gbọ́ orin kẹta?"

"Ta ni kò gbọ́? Bàbá mi lo mú jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú! O ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan!"

Ṣẹ̀rífù họrí. "Ó dáa, n óò kọ ọ̀kan fún Bàbá."

Raqeebah káwọ́ lórí. "Yéè! Má kọ orin! Fẹsẹ̀ rẹ rìn wá, kí o sọ̀rọ̀ bí èèyàn."

Lọ́jọ́ kejì ó wá sí ìsọ̀ obì wọn. Alhaji àti Tájù, tí wọ́n jọ ń ṣòwò, ń ṣa obì lọ́wọ́. Ṣẹ̀rífù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, mo wá lọ́jọ́ yẹn. Mo dé ìdí ògiri yín. Mo rí i táwọn àgbà kún àgbàlá, èmi sì nìkan ni mo wá. Bàbá àti màmá mi ti kú. Àbúrò bàbá mi ní òun ò bá alágbe lọ síbì kankan. Ojú tì mí, mo sá padà."

Omijé bọ́ lójú Raqeebah, inú tún bí i. Orin mẹ́jọ, èyí ò sí nínú ọ̀kankan!

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Alhaji bi í.

"Mo rò pé ẹ ò ní fọmọ fún ẹni tí kò léèyàn, sà."

Alhaji pòṣé. "Ọmọ yìí fẹ́ pa mí. Tájù! Dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwọ ni bàbá rẹ̀ láti òní."

Tájù gbọn èèpo obì nù lára. Ó sọdá, ó dọ̀bálẹ̀ ti Ṣẹ̀rífù. "Alhaji, èmi àti ọmọ mi la wá. Òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín, ó wù wá."

Ṣẹ̀rífù bú sẹ́kún bí ọmọdé. Alhaji yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ká dá wọn lóhùn?"

Raqeebah kúnlẹ̀, ó nu ojú nù.

"Ẹ gbà wọ́n, Bàbá. Ẹ tètè gbà wọ́n, kí Ṣẹ̀rífù tó sọ ọ́ dorin."