Èyí Tó Bo Etí Méjèèjì

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ nǹkan tí wọ́n ń fi sétí wo fíìmù."

Bí Fàrídà ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn Ṣakí ń jó èèyàn lára. Okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, torí pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti sáré wá.

Muhydeen gbé ojú sókè látorí fóònù tó ń tún ṣe. Ó rí i, ó sì gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ṣé ti fóònù ni àbí ti tẹlifíṣọ̀n?"

"Ti tẹlifíṣọ̀n. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohunkóhun nínú ilé."

"Ohunkóhun kẹ̀? Àǹtí, irú fíìmù wo lẹ ń wò?"

Fàrídà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. "Fíìmù ìfẹ́ ni o! Ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ láàárín ọjà."

Muhydeen kó onírúurú síta. Ó kó íápíìsì kéékèèké tí wọ́n ń tì bọ inú etí. Ó gbé hẹ́dífóònù ńlá olówùú, èyí tó ń bo etí méjèèjì bí ìgbà téèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Fàrídà mú ọ̀kan tí kò ní wáyà.

"Èyí wù mí."

"Búlútúùtù nìyẹn. Ó rẹwà, àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ti pẹ́, ohùn rẹ̀ kì í tètè dé. Ẹ ó rí òṣèré tó ti sọ̀rọ̀ tán, tó ti pa ẹnu dé, ohùn rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀."

Fàrídà jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

"Mi ò fẹ́ ìyẹn. Ẹ gbà, ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

Muhydeen ò mọ ohun tí òun sọ. Ó rọra gbé èyí tó bo etí méjèèjì wọ̀ ọ́ lórí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ariwo ọjà kú. Ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo lódìkejì dákẹ́, fèrè àwọn ọlọ́kadà dákẹ́. Fàrídà ń rí ẹnu Muhydeen tó ń mì, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó já nǹkan náà kúrò.

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní ó yẹ yín."

Ojú tì í díẹ̀. "Ó ti dí jù. Èyí tí màá fi gbọ́ fíìmù, tí màá sì tún máa gbọ́ ọ̀nà ni mo fẹ́."

"Ta ló ń bọ̀ lọ́nà, Àǹtí?"

"Ọkọ mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú Muhydeen. Ó wá inú páálí, ó fún un ní èyí tó ní etí kan ṣoṣo, irú èyí tí àwọn tó ń dáhùn ìpè lọ́fíìsì máa ń lò. Fàrídà san owó rẹ̀, ó lọ. Muhydeen dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tó gbà jáde.

Ismaheel ni ọkọ Fàrídà. Máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù rẹ̀, ló fi máa ń kó ọjà lọ sí ẹnubodè, níhà Kútọnú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jáde lọ, ó ní òun á dé kí wọ́n tó kírun Màgàríbì. Kò dé. Àwọn ọlọ́pàá wá a, àwọn ọdẹ wọ igbó títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Wọn ò rí òun, wọn ò rí máṣíìnì rẹ̀. Ọdún wá ń gorí ọdún.

Inú ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ni Fàrídà ṣì wà. Àdìjátù ni orúkọ ìyá náà, àmọ́ Ìyá Ismaheel ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tó bá ti kírun Alásárì tán, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á kọ etí sí títì. Ó mọ ìró máṣíìnì ọmọ rẹ̀. Máṣíìnì náà máa ń wúkọ́ bí àgbàlagbà kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó kú.

Láti ìgbà yẹn lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pariwo nílé. Wọn kì í tan rédíò, wọn kì í jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n dún, wọn kì í gúnyán.

"Bí ariwo bá bo ìró máṣíìnì rẹ̀ ńkọ́?" ni Ìyá máa ń wí. "Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, tó gbọ́ pé fàájì là ń ṣe, tó ní a ti gbàgbé òun, tó yí padà ńkọ́?"

Lálaalẹ́, Ìyá á tún gbé omi ìwẹ̀ Ismaheel sí balùwẹ̀. Láàárọ̀, Fàrídà á dà á nù. Nígbà mìíràn, á dà bí ẹni pé omi náà ti dín, ara Fàrídà á sì bù máṣọ.

Báyìí ló ṣe ń wo fíìmù rẹ̀ nínú yàrá. Etí kan wà lọ́dọ̀ àwọn olólùfẹ́ tó ń ṣeré nínú fíìmù, etí kejì wà ní títì.

"Ìyàwó! Ṣé o gbọ́ nǹkan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Ìyá."

Kò pẹ́ tí Fàrídà fi padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní wáyà nǹkan náà ti fẹ́ já. Muhydeen yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ibi tó ti fẹ́ já. Ó gbà á náà, ó ní kó padà wá gbà á.

"Ẹ ò ṣe kúkú sọ pé ẹ fẹ́ wá kí mi?"

"Kí ta? Ẹ wo ẹnu yín! Wáyà ni mo wá tún ṣe."

"Wáyà ti gbọ́. Ó ní kí n kí yín."

Fàrídà rẹ́rìn-ín dé ilé. Ó padà wá. Ó tún padà wá. Nígbà tó yá, kò mú wáyà kankan dání mọ́.

Ọjọ́ kan ni Muhydeen fa àga fún un, tó wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ti sọ fún mi nípa ọkọ yín."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ẹ ní ọkọ, ẹ ò sì ní ọkọ."

Omi bọ́ lójú Fàrídà. Kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí i létí rí. Muhydeen di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọjọ́ yẹn ló pa "ẹ" tì, tó pè é ní "ìwọ".

"Fàrídà, adùn ọkàn mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ tí mi ò bá rí ẹ, ọjọ́ yẹn kì í dùn."

"Obìnrin tó ń kọ etí sí títì lo fẹ́ràn yẹn, Muhydeen."

"Màá bá ẹ kọ etí sí i."

Ìfẹ́ wọn dùn, àmọ́ ó ní òjìji. Bí Muhydeen bá ń sọ̀rọ̀, tí máṣíìnì kan kọjá, á rí i tí ojú Fàrídà á kúrò lára òun, tí á tẹ̀ lé máṣíìnì náà títí á fi jìnnà. Ó ń jowú ẹni tí kò rí rí.

Ìyá Muhydeen ní ìlú Ìlúà gbọ́, ó káwọ́ lérí.

"Ọkùnrin tó lè wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lo fẹ́ gba ìyàwó rẹ̀? Bó bá dé lọ́jọ́ ìkómọ yín, ta ló máa dìde lórí ẹní nínú ẹ̀yin méjèèjì?"



Fàrídà lọ bá Alfa. Alfa ní ọdún tó yẹ kí ìyàwó ẹni tó sọnù fi dúró ti pé, ó ti lé. Bí ẹbí ọkọ bá lè fi ẹnu ara wọn sọ níwájú àwọn Alfa pé àwọn wá a, àwọn ò rí i, wọ́n á kà á sí òkú. Fàrídà á wá ṣe opó, lẹ́yìn náà ó lè fẹ́ ẹni tó bá wù ú.

Ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá Yẹ̀kínì, ẹ̀gbọ́n Ismaheel. Yẹ̀kínì mi orí.

"Ìyá ni kó sọ ọ́. Bí Ìyá bá sọ ọ́, mo ti sọ ọ́. Mi ò lè fi ẹnu mi pa àbúrò mi níṣojú ìyá wa."

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bẹ ìyá pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀? Fàrídà ò lè bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Muhydeen, kò jókòó.

"Fún mi ní èyí tó bo etí méjèèjì."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó ti rẹ etí mi, Muhydeen."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí Muhydeen rí ìsinmi. Bí Fàrídà ṣe lọ tán, ó ní òun tí òun jẹ́ ọkùnrin lòun á lọ bá Ìyá sọ ọ̀rọ̀ tí Alfa sọ. Kò sọ fún Fàrídà. Ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gun máṣíìnì rẹ̀, àlòkù kan tó rà lọ́wọ́ àwọn ará ẹnubodè.

Fàrídà ti wà nínú yàrá nígbà náà. Ó wọ hẹ́dífóònù, gbogbo ayé pa lọ́lọ́. Láti ìgbà tí Ismaheel ti lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò gbọ́ títì. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Nígbà tí olólùfẹ́ inú fíìmù ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò sì gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ṣèèṣì lọ sí ẹnu ọ̀nà. Àpótí Ìyá ti dojú dé sílẹ̀, kò sí èèyàn lórí rẹ̀.

Ó fa etí kan kúrò, ó gbọ́ ohùn Ìyá.

"Ismaheel! Ismaheel mi dé! Mo sọ fún yín! Ṣebí mo sọ fún gbogbo yín!"

Fàrídà bọ́ hẹ́dífóònù sí ọrùn. Ó dúró kí ayọ̀ dé. Ayọ̀ ò dé. Ẹ̀rù ló dé, ìbànújẹ́ sì tẹ̀ lé e, bí ẹni pé olè wọlé wá kó ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní. Orúkọ Muhydeen ni ọkàn rẹ̀ ń pè. Ó kórìíra ara rẹ̀.

Ó fa ẹsẹ̀ jáde. Ojú ọ̀run ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, eruku ọyẹ́ bo ojú títì. Máṣíìnì kan wà nílẹ̀ tí táyà rẹ̀ ṣì ń yí. Ìyá ti dì mọ́ ọkùnrin kan, ó fi orí sí i láyà. Ọkùnrin náà na apá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò mọ ibi tí yóò kó wọn sí.

Muhydeen ni.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Muhydeen lorúkọ mi."

Ìyá ò jù ú sílẹ̀. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Máṣíìnì wúkọ́," ló ń wí. "Mo gbọ́ tó wúkọ́."

"Àlòkù ni, Ìyá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ìyá fi í sílẹ̀. Ó yíjú, ó rí Fàrídà tí hẹ́dífóònù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí rẹ̀ dìde, ó jókòó sórí rẹ̀, ó tún kọ ojú sí títì. Muhydeen ti máṣíìnì rẹ̀ lọ. Kò jẹ́ ṣáná sí i títí ó fi jìnnà sílé.

Ìyá ò bá Fàrídà sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń jẹun, ó ń kírun. Fàrídà ti ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó gbà pé wọ́n máa lé òun. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó ń ránṣọ, Ìyá wá jókòó síwájú rẹ̀.

"Ìyàwó."

"Ìyá."

"Ọjọ́ tí mo pariwo orúkọ rẹ̀, tó o jáde, mo rí ojú rẹ."

Fàrídà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Mi ò bá ẹ jà. Ojú ẹni tí wọ́n wá mú ni mo rí. Ojú ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ dé kọ́." Ìyá fi etí ìborùn nu imú. "Mo rò pé àwa méjèèjì la jọ wà lórí àpótí yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó ti ku èmi nìkan."

"Mo dúró, Ìyá."

"O dúró. Àní o dúró. Ta ni ọmọ yẹn?"

"Ó ń ta íápíìsì, Ìyá."

"Òun ló ta èyí tó o gbé sórí bí awakọ̀ òfúrufú yẹn fún ẹ?"

Ẹ̀rín já lẹ́nu Fàrídà pẹ̀lú omijé. Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ yẹn ga. Ismaheel ò ga tó bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe òun kó tó la ẹnu, Fàrídà. Mi ò kàn fẹ́ tètè fi í sílẹ̀ ni."

Nígbà tí àwọn Alfa péjọ, gbogbo wọn ń retí pé Ìyá á rojọ́. Kò rojọ́.

"A wá a," ló wí. "A ò rí i."

Yẹ̀kínì bú sẹ́kún. Wọ́n kírun sí òkú tí kò sí níwájú wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá gbé àpótí rẹ̀ síta bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Ìyá, ẹ ò ní sinmi?"

"Alfa ti sọ ọjọ́ tí opó tìrẹ máa parí. Wọn ò sọ tèmi."

Ìyá náà ló tọ́jú Fàrídà títí opó fi parí. Òun ló tún wọkọ̀ lọ bá ìyá Muhydeen ní Ìlúà. Kò tilẹ̀ gba omi mu kó tó sọ̀rọ̀.

"Bí Ismaheel bá wọlé lọ́jọ́ ìkómọ wọn, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹnì kankan ò ní dìde lórí ẹní. Èmi ni mo bí i, èmi ni màá bá a sọ̀rọ̀."

Ìyá Muhydeen wò ó, ó wá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àtakò parí.

Tẹ̀dé, nílé bàbá Fàrídà, ni wọ́n ti máa so yìgì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, Muhydeen jókòó sínú rẹ̀, kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá sin Fàrídà jáde. Ó bá a wé gèlè, ó tún un wé, bí ẹni tí kò fẹ́ kó parí.

Fàrídà ò lè wọ ọkọ̀. "Ìyá, bó bá dé ńkọ́? Kí lẹ máa sọ fún un?"

"Màá sọ fún un pé o dúró."

"Bó bá ní kí ló dé tí mo fi lọ?"

"Màá ní èmi ni mo ní kó o lọ." Ìyá ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, ó di fèrèsé mú. "Kó wá bínú sí mi. Kó bínú bó ṣe wù ú. Kó ṣáà wá."