Páálí Abẹ́ Alùpùpù

Mi ò kàwé débi kan, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ojú mi méjèèjì ríran, mi ò sì fẹnu kan ọtí rí. Ẹ gba ìyẹn lọ́wọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sán, níbi tí mo máa ń jókòó sí ká aṣọ.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, agbẹ̀bí ni. Alùpùpù ló ń gùn lọ bá àwọn aboyún kiri abúlé. Lọ́jọ́ kan, mo rí ọ́ìlì nílẹ̀ níbi tó máa ń gbé e sí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fìka kàn án, mo gbóòórùn ẹ̀. Èmi tí mo ta ọ́ìlì ní ṣọ́ọ̀bù títí ewú fi gba orí mi, ta ni yóò tàn mí? Ọ́ìlì jíà ni. Bí ìyẹn bá sì jò tán lójú ọ̀nà, jíà á gan, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi lórí eré, ẹni tó gùn ún á di èrò ọ̀run.

Mo ní, "O ò ní gùn ún títí a ó fi mọ ibi tó ti ń jò."

"Màmá, aboyún kan wà lódìkejì odò tí oṣù ẹ̀ ti pé. Ìgbàkígbà ni wọ́n lè pè mí."

"Kí wọ́n tó pè ẹ́, mẹkáníìkì á ti dé."

Mẹkáníìkì wa, Farabalẹ̀ là ń pè é. Tó bá ní òun ń tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ lè lọ gbin àgbàdo kẹ́ ẹ padà wá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá tún ṣe, ó tún un ṣe nìyẹn. Òjò ti ṣú nígbà tó dé. A ti alùpùpù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ìdí ẹ́ńjìnnì tónítóní, ó nù ún gbẹ.

"Ìyá, ẹ bá mi wá páúdà ọmọdé."

"Ṣé o fẹ́ gbé e pọ̀n ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ibi tí ọ́ìlì bá ti yọ, páúdà ibẹ̀ á tutù. Olè á fara ẹ̀ hàn."

Ó wọ́n ọn yíká, títí dé ẹ̀yìn ibi tí ṣéènì ti ń yí, níbi tí rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró wà. Gbogbo ẹ̀ funfun báláú. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó dún díẹ̀, ó pa á. A jókòó títí irin fi tutù.

Atẹ́gùn dúró. Adìẹ kan ò ké.

Tó.

Ọ́ìlì dúdú kan, bí ẹyinjú, lórí páálí.

Farabalẹ̀ fi àyà lélẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó wò ó títí.

"Ìyá, páúdà gbẹ."

"Wò ó dáadáa."

"Ó gbẹ níbi gbogbo."

Tó.

Ó na ọwọ́ sáàárín ẹ́ńjìnnì àti páálí, ó la àtẹ́lẹwọ́ sókè. A dúró. Mo ń gbọ́ èémí ẹ̀.

Tó.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ gbẹ. Lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, lórí páálí, òmíràn ti balẹ̀.

Ó fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí iná jó. Ó yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Ọ́ìlì inú ẹ̀ kún dé ojú àmì, ó mọ́ rekete bí oyin. Èmi fìka kan èyí tó wà lórí páálí. Ó gbóná! Ẹ́ńjìnnì ti tutù, ṣùgbọ́n ọ́ìlì yẹn gbóná débi tí mo fi fa ọwọ́ mi padà. Mo fi ra ìka. Irin lúbúlúbú ń dán nínú ẹ̀.

"Jíà tó bá fọ́ lórí eré ló máa ń pọ irú eléyìí," ni Farabalẹ̀ wí. Ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ṣé ti alùpùpù yìí ti fọ́ ni?"

"Rárá o, Ìyá. Kò tíì fọ́."

Ó ṣe bí ẹni pé kó gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì padà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó ti bọ́.

Ibẹ̀ ni fóònù ọmọ mi ti dún nínú yàrá. Ó jáde pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ ẹ̀ léjìká.

"Ó ti ń rọbí. Ẹsẹ̀ ọmọ ló ń bọ̀ níwájú. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ìkúùkù mi.

"Wá mọ́tò," mo ní.

"Mọ́tò wo ló ń gba orí afárá onípákó yẹn kọjá, Màmá?" Ó kọjú sí mẹkáníìkì. "Farabalẹ̀, ṣé ó ń jò?"

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mi ò rí ibi tó ti ń jò."

"Ọ́ìlì ńkọ́?"

"Ó kún."

"Màmá, ẹ̀yin náà bímọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lórí ẹní, tí ẹnì kan wá fi kọ́kọ́rọ́ agbẹ̀bí pamọ́ ńkọ́?"

Ṣé kí n ní páálí ló ní kó má lọ? Mo la ìkúùkù mi.

A gbọ́ ìró alùpùpù náà títí ó fi kéré bíi ti kòkòrò, títí kò fi sí mọ́. Farabalẹ̀ kó irinṣẹ́ ẹ̀, kò dágbére. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n ká páálí.

Tó.

Kò sí nǹkan kan lókè páálí àfi àjà ilé. Àjà náà gbẹ.

Mo jókòó tì í. Ó ń kán. Nígbà tó yá, ọmọ mi pè. "Màmá, ọmọ ti wálẹ̀, ara ìyá ẹ̀ le. Mo ń bọ̀." Ó ń kán títí mo fi gbọ́ alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe pa ẹ́ńjìnnì, ó dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti rí bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ mi bá gùn ún jáde, á máa kán. Tó bá wọlé, á dákẹ́. Farabalẹ̀ tú jíà yẹn palẹ̀, ó tò ó padà, kò rí àbùkù kankan. Kì í gba ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Mo bẹ ọmọ mi kó ta alùpùpù. Ó ní ta ni yóò ra òmíràn fún òun, ó ní ọjọ́ orí ló ń bá mi ṣeré. Mo dáná sun páálí. Ó ń kán sórí sìmẹ́ǹtì. Mo tẹ́ páálí mìíràn.

Ẹ̀rù ẹ̀ bà mí títí ìbẹ̀rù fi sú mi. Lẹ́yìn náà, ó di ohun tí mo ń fetí sí. Bó bá ti ń kán, mo mọ̀ pé ọmọ mi ṣì wà lórí ìrìn, ó ń mí. Mo lè máa ká aṣọ mi.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n tún pè é lódìkejì odò, ó gun alùpùpù lọ. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé báyìí. Mo pè é. Fóònù ń dún, kò gbé e. Bóyá ọwọ́ ẹ̀ dí. Ọwọ́ agbẹ̀bí máa ń dí.

Mo fìka kan páálí.

Ó gbẹ.