Ata Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fi Sínú Ẹja

Ìkòkò méjì ni aránṣọ yìí máa ń gbé kaná nílé ọkọ rẹ̀, ńlá kan àti kékeré kan tí etí rẹ̀ kan ti yọ. Ìkòkò ńlá ló ni ata. Kékeré jẹ́ ti bàbá ọkọ rẹ̀, nítorí Bàbá ní ọgbẹ́ inú, ó sì ti lé lọ́dún méjì tí dókítà ti ní kí òun àti ata má ṣe pàdé mọ́.

Kí ṣíbí má baà ti inú ìkòkò kan bọ́ sínú èkejì, aránṣọ so òwú pupa mọ́ ọrùn ṣíbí Bàbá. Ẹni bá fi ṣíbí olówùú pupa ro ọbẹ̀ ata nínú ilé yẹn, ẹjọ́ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Mo tètè sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọwọ́ tó se oúnjẹ ọjọ́ náà, nítorí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan obìnrin yìí ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ìgbà ẹ̀rùn ni. Òkun tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹja sì ń wọ́ bọ̀ nítòsí etíkun lágbo lágbo. Ọkọ aránṣọ, apẹja tí gbogbo èbúté ń pè ní Kò-Sí-Wàhálà, ti wọkọ̀ jáde láti ìdájí. Ẹ má rò pé ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá sọ fún un pé ọkọ̀ rẹ̀ ń jò, "Kò sí wàhálà" ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sáàárín omi, "Kò sí wàhálà" náà ni.

Aago kan ọ̀sán ti kọjá kó tó gúnlẹ̀. Ẹja bo inú ọkọ̀ débi pé kò ríbi fẹsẹ̀ sí. Ẹja ẹlẹ́ran pupa ni, wọ́n gùn tó apá, ẹ̀yìn wọn ń dán bíi dígí. Ó tú wọn sórí tàpólì lábẹ́ àtíbàbà ní èbúté, ó ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n wá kó wọn ní aago mẹ́rin, ó sì mú ẹyọ méjì bọ̀ wá sílé.

"Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rùn ṣe fún mi!" ló ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò pa irú ẹ̀ rí!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, onídìrí tó wá kí bàbá wọn, pàtẹ́wọ́. "Àbúrò mi, ọwọ́ rẹ ò ní relẹ̀. Ìyàwó, má jẹ́ kó pẹ́ o, ebi ti fẹ́ lu mí pa."

Aránṣọ fi maṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbóòórùn ẹja náà, kò rùn. Ó tẹ ẹran rẹ̀, ó le. Ó gé e, ó dín in, ó pín in sínú ìkòkò méjèèjì. Ohun tí èmi àti ẹ̀yin ì bá ṣe náà nìyẹn.

Àwọn yòókù bu tiwọn nínú ìkòkò ńlá. Bàbá jókòó sídìí fèrèsé, ó bu ẹja sẹ́nu. 

"Ìyàwó."

"Ẹ̀n, Bàbá."

"Ta ló fi ata sí i?"

"Ata kẹ̀? Bàbá, kò sí ata níbẹ̀ o."

"Ó ń ta mí lẹ́nu."

Aránṣọ sáré mú ṣíbí olówùú pupa, ó bu omi ọbẹ̀ tọ́ wò. Iyọ̀ wà, tòmátì wà, àlùbọ́sà wà, ṣùgbọ́n ata kò sí. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ tún un tọ́ wò."

Bàbá tún bu ẹja sẹ́nu. "Ata ni," ó ní. Ìgbà tó rí bí ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe rí, ó rẹ́rìn-ín. "Bóyá ahọ́n mi ló ti gbó." Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rò pé òun kọ ẹja tó fayọ̀ mú wálé. Ó jẹ ẹ́ tán. Ká ní ó tu ú dànù ni, ǹ bá má ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ojú Bàbá gbóná tó sì wú. Ọrùn rẹ̀ sú wúrúwúrú. Ó ní orí ń fọ́ òun, àyà òun ń lù kìkìkì. Kí wọ́n tó gbé abọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ń bì.

Àǹtí onídìrí fò dìde. "Ìyàwó, kí lo fi sóúnjẹ bàbá mi?"

"Àǹtí, mi ò fi nǹkan kan sí i."

"Ṣebí ó ní ata ni! O sì gbọ́ ọ! Dókítà ní kó má fẹnu kan ata, ìwọ wá ń bu ata fún un. Kí ni bàbá mi ṣe fún ọ?"

"Ẹ wo ṣíbí, Àǹtí! Ẹ wo òwú tó wà lọ́rùn ẹ̀!"

"Ṣé òwú ni yóò bá ọ jẹ́rìí ní kóòtù?"

Kò-Sí-Wàhálà dúró sáàárín ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ìyàwó rẹ̀ kò parọ́ fún un rí. Bàbá rẹ̀ náà kì í parọ́. Kò mọ ẹni tó yẹ kóun gbà gbọ́.

"Ìwọ, sọ̀rọ̀!" ni Àǹtí jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ìwọ náà gbọ́ ata nínú ẹ̀?"

"Inú ìkòkò ńlá ni mo ti jẹ, Àǹtí. Ata wà níbẹ̀. Ata gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

"Mo bi ọ́ pé ṣé ó ta!"

"Ó ta. Ó yẹ kó ta."

Bí Àǹtí ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ló ń họ ọrùn. Ọwọ́ kan ló kọ́kọ́ fi ń họ ọ́. Nígbà tó yá, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì họ ọ́.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń họra?" ni aránṣọ bi í.

"Ẹ̀fọn ni."

"Ẹ̀fọn, lọ́sàn-án gangan?"

Àǹtí wo apá rẹ̀. Ó ti sú láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. 

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti dojú rú pátápátá. Ẹni tó jẹ ata, ara ń yún un. Ẹni tí kò jẹ ata, ara ń yún un. Aránṣọ tó sè é jẹ ìrù ẹja, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ náà jẹ ìrù, ara rẹ̀ le koko. Àbí òróró ni? Òróró tuntun ni. Àbí ọṣẹ tí wọ́n fi fọ abọ́? Ọṣẹ tí wọ́n ti ń lò láti ọdún mélòó kan ni. Àǹtí ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ayé ló ń ṣe ìdílé àwọn. Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àga, àwọn yìí ń wádìí ọṣẹ!

"Àbí ẹja ni?" ni aránṣọ fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè.

Inú wá bí ọkọ rẹ̀. "Ẹja kẹ̀? Ẹja òwúrọ̀ yìí? Ẹja tó ń jà mọ́ mi lọ́wọ́? Má bà mí lórúkọ jẹ́ o!"

Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin yìí. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé Bàbá dé ilé ìwòsàn ná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa mí, ẹ pa mí lọ́hùn-ún."

Kò-Sí-Wàhálà pọn bàbá rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ.

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ Bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì, ó pe dókítà, wọ́n fún Bàbá lábẹ́rẹ́, wọ́n fún Àǹtí ní oògùn tí yóò gbé mì. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí wọn.

"Kí lẹ jẹ?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ata!"

"Kò sí ata!"

"Ẹja òwúrọ̀ yìí ni!"

Nọ́ọ̀sì gbọ́wọ́ sókè. "Ata tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, ṣé inú omi ọbẹ̀ ni Bàbá ti gbọ́ ọ, àbí nínú ẹran ẹja?"

Kò sẹ́ni tó ti ronú kan èyí. Bàbá ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹran ẹja ni. Omi ọbẹ̀ dùn."

Aránṣọ jókòó sórí ìjókòó tó wà lẹ́bàá ògiri, ó bú sẹ́kún. Ẹkún ló fi ń ròyìn ìkòkò méjèèjì fún nọ́ọ̀sì, àti pé ìrù ni òun àti ọkọ òun jẹ.

"Apẹja," ni nọ́ọ̀sì wí, "aago mélòó lẹ rí ẹja àkọ́kọ́ pa?"

"Aago méje àárọ̀."

"Ìgbà wo lẹ gúnlẹ̀?"

"Ó ti lé ní aago kan. Ẹja ò jẹ́ n lè kúrò níbẹ̀, wọ́n ṣáà ń wọlé ni."

"Láti méje sí kan, níbo làwọn ẹja wà?"

"Nílẹ̀ ọkọ̀."

"Nínú òòrùn?"

"Kò síbi tí òòrùn ò sí lórí omi, Nọ́ọ̀sì."

"Ẹ ò ní kúlà?"

"A ní in."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Kò-Sí-Wàhálà họ orí. "Omi mímu wa."

"Pẹ̀lú yìnyín?"

"Pẹ̀lú yìnyín."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ẹ̀yin ń mu omi tútù, ẹja ń yá òòrùn. Ẹ gbọ́ o. Túnà, sàdíìnì àtàwọn ẹja ẹlẹ́ran pupa irú wọn, tí wọ́n bá ti kú tí wọn ò rí yìnyín, oró kan máa ń hù nínú ẹran wọn. Ooru ló ń bí i. Wákàtí mélòó kan ti tó fún un, pàápàá nígbà ẹ̀rùn báyìí. Kì í rùn, kì í sì í yí ojú ẹja padà. Tó bá kan ahọ́n, ó lè ta bí ata. Ó lè kún ẹran apá ikùn ẹja kó má sí ní ìrù, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí kò fi ṣe ẹ̀yin méjèèjì. Inú ìkòkò ńlá, ata gidi ló bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń ní ara àwọn kì í gba ẹja, bẹ́ẹ̀ irú èyí ló ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré."

"Nígbà tiwa," ni Bàbá wí, "a kì í gbé yìnyín lọ sókun."

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń pẹ́ tó báyìí lórí omi nígbà tiyín?"

Bàbá ronú. "Rárá. A ti máa ń délé kí ìrì tó gbẹ." Ó mí kanlẹ̀. "Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́."

Kò-Sí-Wàhálà ò gbọ́ èyí tó kù. Aago ara ògiri ló ń wò. Mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Nọ́ọ̀sì, ẹja yòókù wà ní èbúté. Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá kó o ní mẹ́rin."

"Ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Tí mo bá fi iyọ̀ sí i ńkọ́?"

"Iyọ̀ ò ràn án."

"Tí mo bá yan án gbẹ?"

"Iná ò pa á. Ṣebí ìyàwó yín dín in, ó tún sè é?"

"Inú fíríìsà..."

"Yìnyín tó pẹ́ dé kò lè fa oró tó ti hù jáde. Ẹ lọ rì í mọ́lẹ̀."

 Ẹja tí ọkùnrin náà kò pa irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀ ni. Ó dùn ún wọra, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ó wo bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yí padà, ó sáré jáde.

Nígbà tó dé èbúté, àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹja sínú bàsíà. Ọ̀kan nínú wọn ké sí i. "Kò-Sí-Wàhálà, ẹja rẹ mà dán o! Ṣé ká máa kó o lọ?"

"Wàhálà wà," ló dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

"Mo ní wàhálà wà! Ẹ dà á sílẹ̀. Ó ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn."

Ó mú ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn àtíbàbà. Ìgbà tó gbẹ́ ẹ dé orúnkún ni àwọn obìnrin náà tó gbà pé òótọ́ ni, wọ́n sì dà á sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá padà sílé lọ́jọ́ kejì. Àǹtí dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Mo fẹ̀sùn èké kàn ọ́. Má bínú sí mi."

 Aránṣọ na ìkòkò kékeré sí i. "Ẹ bá mi fọ̀ ọ́, Àǹtí." Àǹtí fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó fọ ṣíbí náà, kò sì tú òwú rẹ̀.

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀rùn ń mú ẹja pọ̀, ẹ̀rùn kan náà ló ń bà á jẹ́. Tí ẹ bá ń lọ sókun, ẹ gbé yìnyín ẹja lọ lọ́tọ̀, kó pọ̀ tó ẹja tí ẹ retí láti pa. Tí ẹja bá ti wọ ọkọ̀, ẹ fi yìnyín bò ó lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òòrùn rí i. Bí yìnyín bá tán, ẹ máa bọ̀ nílé, kódà bí ẹja bá ṣì ń pè yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ má fi òórùn nìkan dán an wò, ẹ má sì gba "òwúrọ̀ yìí ni" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ẹ béèrè ibi tó sùn sí láti òwúrọ̀.

Bí ahọ́n yín bá sì gbọ́ ata tí ẹnikẹ́ni ò fi sí i, ẹ tu ú dànù. Bí ojú bá ń gbóná, tí ara ń yún, tí orí ń fọ́, tí àyà ń lù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má sì gbé ẹjọ́ lọ bá ẹni tó sè é. Ẹni tó pa á ni kí ẹ bi pé: kí ló wà nínú kúlà rẹ?